Wine lórí Linux Mint: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ṣì nílò àwọn ètò Windows

Nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kò ní TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀rọ ààbò kékeré tí Windows 11 ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ṣì le koko. Mo pa Windows rẹ́, mo sì fi Linux Mint, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀kan lára ìdílé Linux, sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ètò kan wà tí n kò lè fi sílẹ̀: Notepad++ tí mo fi ń kọ̀wé, IrfanView tí mo fi ń gé àwòrán, àti ètò àtijọ́ kan tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa fi ń ṣírò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, èyí tí àwọn tó ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́. Wine, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ni mo fi ń lo gbogbo wọn báyìí.

Wine yàtọ̀ sí VirtualBox, tó ń gbé odindi Windows sínú Linux, tó sì ń jẹ RAM (àyè ìrántí kọ̀ǹpútà) bí ẹni pé kọ̀ǹpútà méjì ló ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni Wine ń ṣe: bí ètò kan bá ké sí Windows pé kó bá òun ṣí fáìlì tàbí kó fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Wine á gba ìpè náà, á sì sọ ọ́ di èyí tó yé Linux. Àwọn àṣẹ inú ètò náà fúnra wọn ń ṣiṣẹ́ tààrà lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà (CPU), ìdí nìyẹn tí kò fi lọ́ra lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bíi tèmi. Bob Amstadt àti Eric Youngdale ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1993, Alexandre Julliard sì gba àkóso rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Oṣù Kẹfà ọdún 2008 ni ẹ̀dà 1.0 tó jáde. Pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò yà mí lẹ́nu, torí pé ìwé àlàyé àti ìdánwò lórí ìdánwò ni wọ́n fi ń mọ ìwà Windows, láìrí inú rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni, inú àkójọ ètò Mint ni mo sì ti mú un. Lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ lò ó, yóò dá fódà kan tó ń jẹ́ .wine sílẹ̀, inú rẹ̀ ni drive_c wà, èyí tí àwọn ètò Windows ń rí gẹ́gẹ́ bí C:. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fún ètò kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ nípasẹ̀ WINEPREFIX, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ fódà tí Wine yóò lò. Bí ọ̀kan bá dàrú, ẹ pa fódà rẹ̀ rẹ́, àwọn yòókù kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni àmì ohùn. Lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Lẹ́tà ẹ ni U+1EB9, àmì òkè sì jẹ́ U+0301 tí yóò tẹ̀ lé e, ètò ló sì máa to méjèèjì lé ara wọn. Mo yan àtẹ Yorùbá tó wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú ètò bọ́tìnì Linux, gbogbo ohun tí mo tẹ̀ ló sì wọ inú Notepad++ láìsí wàhálà. Ìrísí lẹ́tà (font) ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún: Noto Sans gbé àmì sí ibi tó yẹ, àwọn ìrísí mìíràn sì ń jẹ́ kó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ètò ẹgbẹ́ wa kò mọ Unicode rárá, àmì ìbéèrè ló ń fi sí ipò ẹ nínú orúkọ àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n bó ti ń ṣe lórí Windows náà nìyẹn. Ẹ̀bi Wine kọ́.

Orí ètò yẹn gan-an ni Wine ti gbé ara rẹ̀ ga lójú mi. 32-bit ni ètò náà, àmọ́ 16-bit, ìran ètò tó tún ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ni fáìlì tí a fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, Windows tó jẹ́ 64-bit kì í sì í gba irú rẹ̀ láyè. Nígbà tí mo fi apá 32-bit ti Wine kún un, fáìlì náà ṣí, ètò náà dúró, ó sì ń tẹ ìwé jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Linux ti mọ̀. Kí ètò tí Windows òde òní kọ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí Linux, ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló rọrùn bẹ́ẹ̀. Dírábà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀rọ kan) tí wọ́n kọ fún Windows, irú èyí tí ẹ̀rọ ìka-ọwọ́ nílò, kì í ṣiṣẹ́ nínú Wine. Bí Linux kò bá mọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó parí. Eré orí kọ̀ǹpútà ti dára gan-an látìgbà tí Valve, ilé iṣẹ́ tó ni Steam, ti gbé Proton, ètò tó ń jẹ́ kí eré Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, orí Wine ló sì dúró lé, ṣùgbọ́n àwọn eré alájùmọ̀ṣe kan ní ètò adènà èrú tí kì í gbà fún Linux. Ẹ má sì rò pé fáírọ́ọ̀sì Windows kò lè ṣe yín ní nǹkan: dírẹ́fù Z: tí Wine ń dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ C: ń fi gbogbo fáìlì Linux yín han ètò tó bá wọlé. Mo lọ sí winecfg, ibi tí a ti ń ṣètò Wine, mo yọ Z: kúrò.

Kí ẹ tó dáwọ́ lé ètò kankan, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú AppDB, àkójọ ètò tó wà lórí ìkànnì WineHQ ti Wine, níbi tí àwọn tó ń lò ó ti ń fi ìpele sí i láti Platinum títí dé Garbage, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, torí pé ìdánwò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹ̀dà Office tó ti pẹ́ ṣeé bá fi sùúrù lò. Ẹni tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bá dúró lórí Excel ti Microsoft 365 ni n kò ní gbà níyànjú; kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi Windows tó ní àṣẹ sínú VirtualBox, kó sì wá RAM kún RAM.