Wàìná àti Ọbẹ̀ Táúṣè ní Sábó Ìbàdàn

Ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa tó sún mọ́ Mọ́kọ́lá, kò sì ní pátákó orúkọ kankan. Abẹ́ páànù kan ni, níbi tí Hàjíyá tó ni ín ti ń dín wàìná, ìyẹn oúnjẹ dídín àwọn Hausa tó rí roboto, láti àárọ̀ kùtù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti jẹun níbẹ̀ lóṣù yìí, n kò sì tíì jẹ wàìná tó dùn tó o ní ìgboro Ìbàdàn.

Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè kan díẹ̀, kí wọ́n tó dín in nínú àwo dídín tó ní kòtò wẹ́wẹ́. Ti Hàjíyá kan níwọ̀nba. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ọbẹ̀ táúṣè tó ń bù sí i gan-an ló ń fà mí padà, nítorí pé elégédé yọ́ mọ́ ẹ̀pà nínú rẹ̀ débi pé èèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ adùn wọn kí ata tó dé ọ̀fun. Fúrá mímu rẹ̀ náà dára, kò fi ṣúgà bo adùn jéró àti nónò, ìyẹn wàrà kíkan, mọ́lẹ̀.

Ọdún 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn Hausa, orúkọ náà sì túmọ̀ sí “tuntun” ní èdè wọn. Obì gbàǹja ni wọ́n ń kó lọ sí Òkè Ọya, màálù ni wọ́n ń kó bọ̀, oníṣòwò tó bá sì ti ọ̀nà jíjìn dé á wọ̀ sílé ẹni tí wọ́n ń pè ní mai gida, tí yóò fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, tí yóò sì dúró fún un lọ́jà. Nígbà tí Hàjíyá bu omi tútù fún mi kó tó béèrè ohun tí mo fẹ́ jẹ, ìgbàlejò ayé ìgbà náà ló wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ má ṣe sọ fún ọlọ́kadà pé àdúgbò àwọn Hausa lásán lẹ ń lọ, kó má baà gbé yín lọ sí Ṣáṣá, tó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Sábó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, ọ̀kan nínú márùn-ún tí wọ́n pín ìgboro sí ní 1991.

Ohun tí n kò fẹ́ níbẹ̀ ni pé wọn kì í sọ iye ẹran kí wọ́n tó bù ú, nítorí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jókòó. Gọ́tà iwájú ìsọ̀ náà nílò ìdérí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo dé lẹ́yìn ìrun, túwó nìkan ló kù. Kí aago mọ́kànlá àárọ̀ tó lù ni wàìná ti máa ń tán.