Wọ́n já fíìmù mọ́ mi lójú níbi tí ìbọn ti fẹ́ dún: àgbéyẹ̀wò áàpù tí mo ti yá The Day of the Jackal

Ọkùnrin náà ti wọ inú yàrá. Ó ti tú ọ̀pá arọ tó fi ń tiro palẹ̀, ó ti to ìbọn tó fi pamọ́ sínú rẹ̀ pọ̀, ó ti ṣí fèrèsé. Nísàlẹ̀, Charles de Gaulle ń fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ àwọn ológun àtijọ́ láyà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Lójú títì, Lebel, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti ń wá apànìyàn yìí kiri, ń bi ọlọ́pàá kékeré kan léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ náà ní kò sẹ́ni kankan, àfi bàbá arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń gbé nítòsí. Lebel ki eré mọ́lẹ̀. Lókè, ojú wọ inú awò ìbọn, orí ààrẹ ilẹ̀ Faransé sì bọ́ sí àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ni tẹlifíṣàn mi bá ṣú dùdù.

Mo rò pé iná lọ. Iná ò lọ. Lẹ́tà funfun jáde lójú rẹ̀ pé: ẹ ṣeun tí ẹ wo fíìmù yìí tán, ìràwọ̀ mélòó lẹ máa fún wa?

Ẹ dúró ná, mo máa fún wọn ní ìràwọ̀ tí wọ́n ń bèèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́.

Ẹni tó bá mọ fíìmù yìí á mọ̀ pé bí wọ́n bá já a níbikíbi mìíràn, n kì bá tí bínú tó bẹ́ẹ̀. Fred Zinnemann ló darí rẹ̀ ní 1973, láti inú ìwé Frederick Forsyth tó jáde ní 1971. Forsyth yìí náà ló wà ní Bíáfrà gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, kó tó padà sílé rẹ̀ láìsí owó lọ́wọ́, tó wá jókòó ti ìwé kíkọ. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan kọ̀ láti tẹ ìwé náà fún un. Wọ́n ní ta ni yóò ra ìtàn ẹni tó fẹ́ pa de Gaulle, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé kò sẹ́ni tó pa á? Ilé rẹ̀ ní Colombey ní ilẹ̀ Faransé ni de Gaulle kú sí ní oṣù kọkànlá 1970, ọlọ́jọ́ ló dé.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ 1962, àwọn tí inú ń bí nítorí òmìnira tí Àlgéríà gbà lọ́wọ́ Faransé da ìbọn bo ọkọ̀ de Gaulle ní Petit-Clamart lẹ́bàá Párísì. Táyà ọkọ̀ Citroën náà bẹ́, gíláàsì fọ́, awakọ̀ ò dúró, de Gaulle àti Yvonne ìyàwó rẹ̀ sì jáde láìní ojú ọgbẹ́ kan. Wọ́n mú Bastien-Thiry tó ṣe olórí ìkọlù náà, wọ́n sì yìnbọn pa á ní oṣù kẹta 1963. Láti ibẹ̀ ni àròsọ ti gba iṣẹ́ ṣe: ẹgbẹ́ OAS, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀tẹ̀ tí kò fẹ́ kí Àlgéríà gba òmìnira, rí i pé àwọn ọlọ́pàá ti mọ ojú gbogbo èèyàn àwọn, ni wọ́n bá fi ìdajì mílíọ̀nù dọ́là háyà àjèjì kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Faransé. Bí ẹ ṣe ń wò ó, ẹ ti mọ̀ pé kò ní rí i ṣe. Àyà yín á sì máa já síbẹ̀síbẹ̀. Iṣẹ́ tí fíìmù náà ń ṣe nìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìparí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì so mọ́.

Nǹkan tó dára nínú áàpù náà kí ó tó já: àwòrán mọ́ rekete, ohùn dún ketekete, kò há rárá, owó wọn ò sì wọ́n. Ó tán.

Mo wá wọ ibi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ oníbàárà. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ó ní kí n pa tẹlifíṣàn, kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá ìṣòro mi ti yanjú, ó gbé «bẹ́ẹ̀ ni» àti «bẹ́ẹ̀ kọ́» síwájú mi. Mo tẹ «bẹ́ẹ̀ kọ́». Ó ní kí n pa tẹlifíṣàn, kí n tún un tàn. Nígbà tó ṣe, mo kọ «ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́» sínú àpótí náà, ó sì fún mi ní ènìyàn.

Ọmọkùnrin ni, ó mọ ẹ̀kọ́ ilé, n kò ní parọ́ mọ́ ọn.

«Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà. Mo ti wo àkáǹtì yín. Ó fi hàn pé ẹ ti wo fíìmù náà tán.»

Mo ní n kò wò ó tán, wọ́n já a mọ́ mi lójú ni.

«Àmì tíìkì wà níbẹ̀, sà.»

Mo ní àmì tíìkì kọ́ ló jókòó wo fíìmù, èmi ni. Ó ní kí n máa bínú. Ó ní kí n sọ ibi tó já sí. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀pá arọ, fèrèsé, awò ìbọn, Lebel tó ń sáré. Ó dákẹ́ pẹ́. Àmì pé ó ń tẹ nǹkan ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Èyí tó wá kọ ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí bí mo ṣe rí i:

«Ẹ má bínú, sà. Ṣebí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn ò rí ààrẹ yẹn pa? Inú ìtàn ló wà. Kò sí nǹkan kan tí ẹ pàdánù. Ṣé nǹkan mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe?»

Kí n tó rí èsì fọ̀, ó ti ti ìjíròrò náà pa. Ìràwọ̀ tún yọ jáde: báwo ni òṣìṣẹ́ wa ṣe dá yín lóhùn sí?

N kò pàdánù nǹkan kan! Ọmọ yìí gba ẹnu àwọn ilé ìtẹ̀wé ìjọ́sí sọ̀rọ̀ láìmọ̀. Bí mímọ̀ pé de Gaulle ò kú bá tó ènìyàn, kí ló dé tí mo fi jókòó ju wákàtí méjì lọ? Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni mo sanwó fún. Apànìyàn náà lọ sí itẹ́ òkú, ó wá orúkọ ọmọdé tó ti kú, ó sì fi ìwé ìbí ọmọ náà gba ìwé ìrìnnà. Ọ̀nà yìí ṣeé ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́ nígbà yẹn, ìyẹn ló sì dẹ́rù bani jù níbẹ̀. Ó gbé bàrà kan tó kun ojú sí lára, ó so ó mọ́ igi nínú igbó. Ó yìnbọn, ó tún awò rẹ̀ ṣe díẹ̀, ó tún yìn ín, ó tún un ṣe. Orin ò sí níbẹ̀, a kàn ń gbọ́ ẹyẹ. Nígbà tó wá fi ọta gidi sínú rẹ̀, bàrà náà fọ́ túútúú. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó ń wò ó ti mọ ohun tí ọta kan péré máa fi orí ènìyàn ṣe. Bí ojú bá sì tún wọ inú awò ìbọn yẹn ní ìparí, bàrà náà lẹ máa rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á mọ́ mi lójú.

Ẹ tún wo Lebel. Michael Lonsdale ló ṣe é, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí oorun máa ń hàn lójú rẹ̀. Kò ṣe gìrì kan rí. Fóònù ló ń pè. Ó ń pe àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ó ń ka orúkọ inú ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń sùn sí ọ́fíìsì. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ń jò jáde láti inú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá fúnra wọn, ó gbé ẹ̀rọ kan sílẹ̀ níwájú wọn, ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin tó ń bá àwọn ọ̀tẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ilé ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bi í bó ṣe mọ fóònù ẹni tó yẹ kó tẹ́tí sí. Ó ní òun ò mọ̀. Fóònù gbogbo wọn lòun tẹ́tí sí. Mo ti rí ìran yẹn tẹ́lẹ̀ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, mo ṣì pariwo níbẹ̀. Fíìmù yìí gba BAFTA, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí iṣẹ́ Ralph Kemplen tó gé e, tó sì so ó pọ̀. Àwọn ènìyàn mi yìí wá fi àdá tiwọn kún un.

Mo kọ íméèlì sí wọn, mo kọ ọ́ gùn, n kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kù díẹ̀ kí n bú.

Obìnrin kan ló wá pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ni ọ̀gá àwọn tó ń dáhùn. Ó bẹ̀ mí, mo ní kò burú, mo ń retí ìgbà tó máa ní kí n pa tẹlifíṣàn, kí n tún un tàn. Ohun tó bi mí ni pé, «Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti yìnbọn àbí kò tíì yìn ín?»

Mo ní kò tíì yìn ín.

Ó ní, «Háà! Wọ́n ṣe yín lọ́ṣẹ́.»

Gbogbo ìbínú mi balẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ fíìmù náà ju èmi lọ, ó mọ ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn gbà kun ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá a. Ó ṣàlàyé pé abala méjì ni fíìmù náà fi dé ọ̀dọ̀ wọn, abala kejì kúrú, ẹni tó gbé e sórí áàpù sì gbàgbé abala kúkúrú náà. Ẹ̀rọ wọn rò pé òpin abala kìíní ni òpin fíìmù, ìdí nìyẹn tó fi ń fi tíìkì sí i fún gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó ti fẹjọ́ sùn ṣáájú mi ni? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ rò ó wò: ẹni mélòó ni ọmọ yẹn ti kọ̀wé sí pé kò sí nǹkan kan tí wọ́n pàdánù?

Wákàtí 48 tí wọ́n ń fúnni láti wo fíìmù tí a yá ti tán lórí tèmi. Ó dá a padà. Kò pa fóònù. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, tó ń bá ẹnì kan jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé «òun náà kọ́ nìyẹn, èyí tó kúrú ni mo ní kí o gbé wá». Nígbà tó yá, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Fèrèsé yọ, awò ìbọn yọ. Ó ní, «Ó dàbọ̀, sà, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ wò ó.»

Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù náà rí, kó fo ìpínrọ̀ tó tẹ̀lé èyí.

De Gaulle ga, mítà 1.96 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Ológun tó wà níwájú rẹ̀ kúrú. Bó ṣe fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ láyà tán, ó tẹ̀ ba láti fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ wọn, ọta sì gba òkè orí rẹ̀ kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin tó ro ti ìwé ìrìnnà, tó ro ti ìbọn, ti irun àti ti ẹsẹ̀ kan, kò ro ti ẹnu tí wọ́n máa fi ko ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọta ẹyọ kan ni ìbọn yẹn ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ó ń kó òmíràn sí i nígbà tí Lebel jálẹ̀kùn wọlé. Èyí ni ohun tí wọ́n ní n kò pàdánù.

Mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí fíìmù náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Faransé inú rẹ̀ ló ń fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ó sì máa ń gbà mí lákòókò kí etí mi tó bá a mu. Ojú tí wọ́n fi wo àwọn obìnrin ibẹ̀ ò sì wù mí: ẹni tí wọn ò bá fi ṣe ìdẹ, wọ́n á lò ó tán, wọ́n á pa á.

Ẹ̀sùn mi sí áàpù ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n fún mi ní fíìmù kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi gbèdéke sí i tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó fi parẹ́ kí n tó mú èyí tí mo fẹ́. Ẹ̀rọ adánilóhùn yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn fíìmù àtijọ́ mìíràn tó wà níbẹ̀, n kò mọ èyí tó fi abala méjì dé nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ yá èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wo gígùn rẹ̀ kí ẹ tó tẹ owó. Jackal gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 20 lọ. Bí tiyín bá dín, ẹ béèrè ọ̀gá obìnrin náà, ẹ má bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Mo ti san ti ọdún kan gbáko fún wọn ní àná.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.