Gìgísẹ̀ mi àti ilé físíò kan l'Ábẹ́òkúta

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Gìgísẹ̀ tó ń dùn mí ló gbé mi dé ilé físíò yìí, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdárayá wo ìrora ara. Ìgbà kẹrin tí mo lọ ni. Màmá onífísíò tó ń tọ́jú mi ò sí níbẹ̀, ni wọ́n bá fà mí lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́. Ó ní kí n gun àpótí onígi, kí n fi orí ìka ẹsẹ̀ dúró létí ẹ̀, kí gìgísẹ̀ máa rọ̀ sísàlẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ibi tó ń dùn mí gan-an lẹ ń fà yìí o." Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fara dà á, ó gbọ́dọ̀ nà ni." Ló bá gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi léjìká, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ògiri ni mo ń dì mú dé balùwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè dé ìsọ̀ àdìrẹ mi n'Ítòkú.

Mo padà lọ láti lọ jà. Aago 8 àárọ̀ ni mo débẹ̀, aago 10 kọjá kí wọ́n tó pè mí. Ọmọbìnrin tó ń gba owó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, kò wojú mi, ó ní káàdì mi ti kún, kí n ra òmíràn. Ṣéńjì 500 náírà mi wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ Màmá ò gbèjà ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ rárá. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan ara ẹ̀, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí iṣan ńlá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti wọ egungun gìgísẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ti wo okùn ewúrẹ́ rí? Kì í sábà já láàárín. Ìdí èèkàn ló ti ń já." Ibi tí ohun rírọ̀ ti pàdé ohun líle ni ìnira ń pọ̀ sí, nítorí náà iṣan kì í ṣàdédé kan egungun. Ipele mẹ́rin ló wà níbẹ̀: iṣan fúnra ẹ̀, ohun rírọ̀ kan tó le díẹ̀ bíi ti etí, irú ẹ̀ tó ti gan bí ẹfun, kó tó wá kan egungun. Bí ẹrù bá ń kàn wọ́n díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa lágbára sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré, oṣù ló ń gbà. Bí gìgísẹ̀ bá sì rọ̀ kọjá etí àpótí, ṣe ni egungun á máa fún iṣan náà pọ̀ ní ìdí ẹ̀.

Ètò tí Håkan Alfredson, dókítà ará Sweden, gbé jáde ní 1998 ló fún mi, àmọ́ orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni tèmi: kí n gbé gìgísẹ̀ sókè, kí n sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta, láàárọ̀ àti lálẹ́, ọ̀sẹ̀ 12. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo sunkún, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ mo jí, mo ti rìn dé ìdí ààrò kí n tó rántí pé ẹsẹ̀ ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, èmi àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun Olúmọ, àtẹ̀gùn la gbà, mi ò jókòó sinmi lẹ́ẹ̀kan.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Màmá ló ni méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà látìgbà náà, kò sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" rí.