Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta mẹ́dà "sójà Bọ́mà" ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará wa tó ń ra mẹ́dà àtijọ́, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá bàbá yín lọ sí ogun Bọ́mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Olè kan wà níta. Ọmọ Yorùbá ni, Yorùbá rẹ̀ dùn létí, á pè yín ní "ẹ̀gbọ́n mi", á sì béèrè àlàáfíà ìyá yín kó tó dárúkọ owó. £850 ló gbà lọ́wọ́ mi lórí ohun tí kò tó £5.

DSO ló ní òun ń tà, Distinguished Service Order, àmì ẹ̀yẹ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ó ní sájẹ́ǹtì kan, ọmọ Ẹ̀gbá, ló gbà á ní 1944 nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa ń jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló fín orúkọ bàbá náà sẹ́yìn rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Bàbá bàbá tèmi náà dé Bọ́mà, ṣùgbọ́n kò sí mẹ́dà kan tó kù nínú ilé wa. Ọmọdé ti fi ṣeré sọnù. Mo ní bí kò bá jẹ́ ti bàbá wa, ṣebí ti ọmọ ilé wa ni. Ẹ má wulẹ̀ bú mi. Ta ni kò ní rà á?

Ẹ wá gbọ́. Ọdún 1886 ni Ọbabìnrin Victoria dá DSO sílẹ̀ fún àwọn ọ́físà tó ṣe bẹbẹ lójú ogun. Ọ́físà! Kì í ṣe sájẹ́ǹtì. Military Medal tàbí Distinguished Conduct Medal ni ti àwọn sájẹ́ǹtì nígbà náà, àwọn yẹn sì ni ìjọba ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sójà sí létí. DSO kì í ní orúkọ lára nígbà tó bá ń ti ọwọ́ ìjọba jáde. Láti 1938, ọdún tí wọ́n fún ẹni náà nìkan ni wọ́n ń fín sẹ́yìn irin tí wọ́n fi gbé e kọ́. Tèmi kò ní ọdún kankan. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni V, R àti I, lẹ́tà orúkọ àti oyè Ọbabìnrin Victoria. Victoria! Obìnrin tó kú ní 1901 ló dá sójà lọ́lá ní 1944! Ọba George Kẹfà ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, lẹ́tà orúkọ tirẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo sì rí àwọn lẹ́tà yẹn lọ́jọ́ tí mo sanwó o. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Mo ti gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí, wọ́n ń kí mi, pásítọ̀ ti gbàdúrà lé e lórí. Ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sójà kọ ọ̀rọ̀ kan: "Sájẹ́ǹtì?" Ilẹ̀ ò lanu kí n kó wọlé.

Mo gbé e sábẹ́ iná. Àgbélébùú DSO gidi, funfun tó wà lára rẹ̀ máa ń dán bíi ti abọ́ tánńganran, etí rẹ̀ sì jẹ́ wúrà, tàbí, láti 1889, fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò. Mo fi èékánná ha apá kan tèmi. Ọ̀dà ni! Ó ká sókè, idẹ yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù pupa tó yẹ kó ní búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ létí méjèèjì, ara táì ni wọ́n ti gé e, ojú abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀. "Ìwé ẹ̀rí" tó fi tì í lẹ́yìn ńkọ́? Tíì ni wọ́n fi pa á láró kó lè dà bí ògbólógbòó. Ojú ìdí ife wà ní igun rẹ̀!

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò kọ́kọ́ wádìí? Mo béèrè! Ó ní àwọn òyìnbó ló pa àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú rẹ́. Irú irọ́ tó ń tètè wọ̀ wá létí nìyẹn, torí a mọ ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí lẹ́yìn ogun yẹn.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ẹ wo London Gazette, ìwé ìkéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde orúkọ àwọn tó gba DSO. National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, náà ní ìwé tí àwọn ọ̀gá ológun fi dábàá àmì ẹ̀yẹ, ẹ béèrè WO 373, nọ́ńbà àkójọ ìwé náà. Ẹ fi káàdì sanwó, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni.

Èmi ò tilẹ̀ gba ẹnì kankan gbọ́ mọ́ nínú àwọn tó ń ta mẹ́dà, àtẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, àtẹni tó ń pàtẹ lọ́jà. Ọ̀kan tí mo gbé e lọ fi hàn rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ ọkùnrin náà tipẹ́. O mọ̀ ọ́n, o sì dákẹ́!

Olè náà ò tíì sinmi o. Ó ti tún gbé òmíràn síta báyìí: Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £600. Ohun tí àwọn tó ní ojúlówó rẹ̀ ń tà ju £100,000 lọ! Wọ́n ní ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ti san àsansílẹ̀. Bí ìwọ ni, tí o ń ka èyí, pe báńkì rẹ lónìí.