Ike èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ omi

Lọ́dún 2013, Elif Bilgin, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Istanbul, gba Science in Action, ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọ̀dọ́, nítorí ike tó fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe. Irú ike bẹ́ẹ̀ là ń gbé yẹ̀wò. Kì í ṣe ọ̀rá búrẹ́dì o. Abala fẹ́lẹ́ pupa rúsúrúsú ni, tó ṣeé ká bí awọ tín-ín-rín.

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ni kí ẹ lò. Èyí tó bá ti pọ́n, sítáàṣì inú rẹ̀ ti di ṣúgà, kò ní gbá jọ. Bí ẹ bá ti ń gé e ni kí ẹ máa jù ú sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí ó má baà dúdú. Sodium metabisulfite, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí èso dúdú, ni Bilgin lò ní tirẹ̀. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 30, ẹ ro omi rẹ̀ dànù, kí ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná ju ata ọbẹ̀ lọ. Fọ́nrán tó bá ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni abala náà yóò ti ya.

Èèpo lílọ̀ mìlílítà 25, ásíìdì hydrochloric 0.5 N (N ni ìwọ̀n bó ṣe lágbára tó) mìlílítà 3, gílísárìn mìlílítà 2. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ wá fi sodium hydroxide 0.5 N mìlílítà 3 pa agbára ásíìdì náà (ẹ wọ ìbọ̀wọ́). Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sínú àwo, kó wọ ọ́fùnù ní 130°C fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí.

Iṣẹ́ ásíìdì ni láti gé ẹ̀ka sítáàṣì kúrò, kí ó lè tò gbọọrọ. Gílísárìn ló ń mú un rọ̀. Láìsí i, ìpékeré lẹ ṣe yẹn. Bó bá pọ̀ jù, ike náà á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò sì ní gbẹ. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ nípọn, òkè á gbẹ ṣáájú inú, á sì sán.

Àbùkù rẹ̀ gan-an ni omi: ó ń fà á mu, ó ń rọ̀, ó sì ń bu bí búrẹ́dì níbi tó bá tutù. Kò yẹ fún ife tàbí àpò ẹran. Ó tó fún káàdì ara ẹrù àti ohun gbígbẹ tí a ó lò kíákíá.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó mọ́ gaara kó wá sítáàṣì pàkí: ṣíbí ìjẹun 1, omi ṣíbí ìjẹun 4, fínígà àti gílísárìn ṣíbí tíì kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi ki tí yóò sì máa dán, kí ẹ wá tẹ́ ẹ síbòòji fún ọjọ́ 2 tàbí 3.