Ìgò òróró pẹpámíǹtì tí mo rà l'Ọ́jà Ọba

Tí Kérésìmesì bá ti ń kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bisikíìtì kan ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń béèrè: bisikíìtì kòkó méjì tá a fi ìpara funfun olóòórùn pẹpámíǹtì lẹ̀ pọ̀. Léṣìí, mo bà á jẹ́. Ìgò tí wọ́n tà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan, àbọ́níkì ló ń rùn. Àbúrò pátápátá nínú wọn gé e jẹ, ó tu ú sọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí, oògùn ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Lọ́dún yìí, mo yà lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta èlò kéèkì nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́ níbí. Ìyá yìí mọ ọjà tó ń tà. Kí ó tó mú ohunkóhun, ó kọ́kọ́ bi mí ohun tí mo fẹ́ sè, ó wá gbé ìgò méjì kalẹ̀.

"Èyí, wọ́n ti fi ọtí là á, ẹ lè fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Èyí, ojúlówó òróró ewé ni. Ẹ kán an ni o, ẹ má dà á."

Ó ti orí igi ìtayín bọ òróró náà, ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Kò pẹ́ rárá tí ojú ibẹ̀ fi tutù bíi pé ọyẹ́ fẹ́ sí i. Òórùn ewé tútù gan-an ló ní. Mo rántí pé ìdílé kan náà ni pẹpámíǹtì àti ẹfinrin. Mílílítà 10, ₦3,500. Mo sanwó láìnájà.

Ẹ̀kán mẹ́rin péré ni mo kán sínú bọ́tà gíráàmù 100 àti ṣúgà áísìn (ṣúgà tó kúnná bí ìyẹ̀fun) gíráàmù 200. Mo jẹ́ kí bisikíìtì tutù pátápátá kí n tó fi ìpara sí i, torí bọ́tà á yọ́ dànù tó bá kan gbígbóná.

Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: òkè òkun ni ìyẹ̀fun kòkó tó wà lórí àtẹ ìyá yìí ti wá. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí oko kòkó kún bámú! Mo sọ ọ́ fún un, ó ní kí n ṣáà wá ẹni tó ń lọ̀ ọ́ nítòsí, òun á rà á.

Àbúrò pátápátá jẹ mẹ́ta, ó tún di méjì sápò. Ìgò òróró náà ṣì kún dé ọrùn.