Bàlúù tí mo kàn, ló bá di ọ̀gẹ̀dẹ̀: kíìtì bàlúù ìṣeré Piper Cub onígi

Ẹ má bi mí pé ìnṣì mélòó ni ìyẹ́ ẹ̀ o, ó wà lára páálí. Ọ̀rọ̀ ara bàlúù yẹn ni mo bá wá, fúsẹ́láàjì, torí òun ló jẹ́ kí n jókòó ti fóònù láago méjìlá òru Sátidé, tí inú ń bí mi bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Mo mú ọmọ mi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù de Havilland ní London Colney, níbi tí Mosquito àkọ́kọ́ wà, bàlúù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, W4050, èyí tó kọ́kọ́ fò ní November 1940. Igi ni wọ́n fi ṣe é o, igi! Balsa, igi kan tó fúyẹ́ gan-an, ni wọ́n fi sáàárín pílíwúùdù birch, ìdajì ọ̀tún lọ́tọ̀, ìdajì òsì lọ́tọ̀, wọ́n á to wáyà àti páìpù sínú ẹ̀ kí wọ́n tó wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí awẹ́ obì. Ọmọ ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kan tiwa." Èmi tí mo ti fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò rí ní kékeré, ta ló fẹ́ dẹ́rù bà mí? Mo ra Piper Cub, £42, ká fi kọ́ṣẹ́ ná.

Kí n má parọ́, igi ẹ̀ wuyì lójú. Lésà ni wọ́n fi gé àwọn former, ìyẹn àwọn pátákó pẹlẹbẹ tó ń fún ara bàlúù ní ìrísí, o kàn máa fi ìka tì í ni, ó ti jábọ́. Mo tẹ́ pláànù sórí bọ́ọ̀dù, mo fi náílọ́ọ̀nù bò ó kí gúlúù má baà mú un, mo wá ń to longeron sí i, ìyẹn àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ láti imú dé ìrù, píìnì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún píìnì ní ẹ̀gbẹ́ òsì, torí tó o bá gún igi yẹn fúnra ẹ̀, ó máa là ni. Orí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ni mo ti kan ìkejì kí wọ́n lè bára mu. Ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyàwó mi ní òun ń rí lẹ́búlẹ́bú igi nínú ọbẹ̀.

Ó di Sátidé, mo fa ìrù méjèèjì pọ̀, mo lẹ̀ ẹ́, mo dúró kó gbẹ, mo tú píìnì, mo di ojú kan mo wò ó láti ìdí. Ó ti wọ́ sápá ọ̀tún. Ọmọ mi ní, "Dádì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni." Àwọn tó ń sá bọ́ǹbù ní 1940 fi igi lẹ bàlúù tó ń gbé èèyàn méjì, èmi ò lè lẹ ọ̀pá mẹ́rin pọ̀ nínú pálọ̀.

Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fèsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìlà mẹ́ta péré: kí n ka ìgbésẹ̀ 6 dáadáa, àwọn kì í gba igi tó ti kan gúlúù padà. Ìgbésẹ̀ 6 ọ̀hún, ohun tó sọ ò ju pé kí n so ìrù pọ̀ lọ! Mo fi fọ́tò méje ránṣẹ́. Ìlà mẹ́ta yẹn náà ló tún dá padà, kọ́mà kan ò yí.

Mo bá pè. Mo ti to èébú sẹ́nu. Orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí fún ìṣẹ́jú 25, àfìgbà tí bàbá àgbàlagbà kan gbé e, tó ń wúkọ́. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Apá ibo ni ìrù ẹ̀ wọ́ sí?" Mo ní ọ̀tún. "Igi ọ̀tún ló le jù." Kò tíì rí fọ́tò kankan o. Ó ní kí n mú àwọn tó ṣẹ́kù nígbà tí mo gé e, kí n jẹ́ kí wọ́n yọ jáde létí tábìlì, gígùn kan náà, kí n gbé owó ẹyọ lé orí wọn. Ọ̀kan tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, èkejì ò mira. Bí balsa ṣe rí nìyẹn, ó ní èyí tó rọ̀ bí búrẹ́dì, ó ní èyí tó gan, o ò sì lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Tó o bá fa ìrù pọ̀, èyí tó rọ̀ á gbà, èyí tó le á kọ̀, ìrù á sì tẹ̀ lé alágídí. Ó ní kí n pín wọn dọ́gba sí ọ̀tún àti òsì kí gúlúù tó kàn án rárá. Ogójì ìṣẹ́jú la lò, kí n tó mọ̀ mo ti ń pè é ní sà, mo ń fi orí dáhùn bí ẹni pé ó ń rí mi.

Thursday, páálí róbótó kan dé. Igi mẹ́rin, ó fi òwú pupa so wọ́n ní méjì méjì, ó fi pẹ́ńsù kọ R àti L sí ìdí wọn. Kò gba kọ́bọ̀. Mo tún un kàn látìbẹ̀rẹ̀, mo na òwú láti imú dé ìrù, àárín gbogbo former ló gbà kọjá, ó tọ́ gbọnrangandan. Ọmọ mi ò rí nǹkan sọ.

Ṣùgbọ́n ta ló kọ ìwé ìlànà yẹn gan-an? Kí ló dé tí ohun tí bàbá yẹn sọ ò sí níbẹ̀? Ìlà kan péré ni! Ọmọkùnrin ìlà mẹ́ta yẹn sì tún kọ̀wé lánàá pé ṣé inú mi dùn sí ìtọ́jú tí òun fún mi.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Wọ́n ní kíìtì Mosquito, ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni màá rà á, àmọ́ fóònù ni màá fi rà á, ọwọ́ bàbá yẹn sì ni.